Ẹsẹ̀ Gbogbo Ìlú Lórí Bébà

Kí ló dé tí Ọlọ́run fi fún ọkùnrin kan ní ojú tó ń rí ohun tó wà nínú ẹsẹ̀ gbogbo ìlú, tí kò sì jẹ́ kó rí èyí tó wà lórí ibùsùn ara rẹ̀? Mo ti gbé ìbéèrè yìí lọ síwájú àwọn tó jù mí lọ nínú ìgbàgbọ́. Ọ̀kan ní kí n máa gbàdúrà. Èkejì ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í kúnlẹ̀ láràárọ̀ kó bẹ ẹni tó rọ ọ́, ọkùnrin tí mò ń wí yìí sì ń kúnlẹ̀. Mo ṣì ń gbàdúrà, mo ṣì ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí n kúkú ro ìtàn rẹ̀ fún yín.

Aránbàtà ni. Amọsẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é, débi pé bí ènìyàn bá kọ lẹ́tà sí i, tó kọ Amọsẹ̀ nìkan sẹ́yìn àpòòwé, lẹ́tà náà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé alájà kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfọṣọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé òkè, ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ènìyàn tó tẹ ẹnu ọ̀nà ni òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ti máa pàdé rẹ̀. Àga kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìdí àwọn ènìyàn ti fi dán bíi dígí. Níwájú àga náà ni pákó pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀. Lórí pákó yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í fi téèpù wọn ẹsẹ̀. Ọ̀gá náà máa ń sọ pé téèpù lè sọ bí ẹsẹ̀ ṣe gùn tó, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tó ni ín. Nítorí náà, bí oníbàárà bá dé, Amọsẹ̀ á tẹ́ bébà sórí pákó, á ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kó má fara ti nǹkan kan. Á wá kúnlẹ̀, á mú pẹ́ńsù dúró ṣánṣán, á fi yí ẹsẹ̀ náà ká láti gìgísẹ̀ títí dé orí ìka tó kéré jù. Lẹ́yìn náà á fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ ẹsẹ̀ wò. Ibi tó bá le, á fàlà sí i lórí bébà. Á kọ ọjọ́ àti oṣù. Ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì jẹ́ ya ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ṣáájú àkókò yẹn.

"Ẹsẹ̀ àárọ̀, òpùrọ́ ni," ló máa ń wí. "Ìrọ̀lẹ́ ni ẹsẹ̀ ń jẹ́wọ́."

Kò fi bébà àná rán bàtà òní rí. Bó o bá rán bàtà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló máa yà ọ́. Kò sì jẹ́ da bébà kankan nù, kódà bí ẹni tó ni ẹsẹ̀ bá ti kú. Ó fi okùn awọ di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ títí dé àjà. Iṣẹ́ ogójì ọdún ó lé kan ni.

Awakọ̀ kan tó máa ń rán bàtà lọ́dọ̀ rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé, "Amọsẹ̀, bí wọ́n bá jí bàtà mi gbé, ṣé bébà yìí lè bá mi mú olè?"

"Bàtà tìẹ? Wàhálà kí ni? Òórùn ẹ̀ á mú un kó tó dé kọ̀rọ̀."

Ó kọ nǹkan kan sára pátákó kékeré, ó kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn: PẸ́ŃSÙ MI KÌ Í PARỌ́. Gbogbo ìlú gbà bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀ pé irọ́ wà nínú ohun tó kọ síbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń gba àlejò, tó ń so okùn mọ́ bébà. Obìnrin kékeré tó lẹ́nu bí abẹ́rẹ́ ni. Nígbà èwe rẹ̀, Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹyẹlé ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, ó sì rẹwà. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Lọ́dún méjì-méjì, nínú oṣù tí wọ́n fẹ́ra, ọkọ rẹ̀ á ya ẹsẹ̀ rẹ̀, á rán bàtà tuntun fún un. Ó wá di ọdún kan, ọjọ́ orí ti ń wọlé. Amọsẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ ká. Ìyàwó wolẹ̀.

"Amọsẹ̀, ta ló ni ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí ẹ ń yà sílẹ̀ yẹn?"

"Ìwọ lo ni ín."

"Èmi kọ́ o. Ẹ tún un yà."

Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí ọkọ gbójú sókè, ó rí i pé omi ti dé ojú rẹ̀. Ó fa bébà náà ya. Ó wá mú èyí tó yà lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó gbé bébà tuntun lé e lórí, ó sì fi pẹ́ńsù tọ ojú ìlà àtijọ́. "Ó yá, wò ó."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí ni mo mọ̀."

Nígbà tó di ọ̀rọ̀ awọ, kò bá awọ parọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ náà wí, ó sì gé bàtà bí ẹsẹ̀ ṣe rí gan-an. Ìyàwó wọ̀ ọ́, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe bá mi mu. Ṣé mo ti wí fún yín pé mi ò yí padà?" Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bàtà mọ́kànlá. Bébà ń parọ́, awọ ń sọ òtítọ́, tọkọtaya sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọgbẹ́ kékeré kan ló mú un lọ. Abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì ló wà, kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ náà ti kú lára rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni. Kí ilé ìwòsàn tó mọ̀, ọgbẹ́ ti jẹ wọnú egungun. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ní ọdún yẹn, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Amọsẹ̀ rán fún un, ọdún yẹn náà ni wọ́n sin ín. Ọkùnrin tó mọ ẹsẹ̀ gbogbo ìlú! Ó ń lọ sí ilé Ọlọ́run bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, á jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dìde kọrin, ẹnu rẹ̀ kì í là.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ránṣẹ́ kiri pé kí oníkálùkù wá mú bébà rẹ̀, òun fẹ́ sun ìyókù.

Lára àwọn tó wá ni dókítà obìnrin kan, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tó sì ń tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ. Láti ìgbà tó ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Amọsẹ̀ ti ń ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gba tirẹ̀, ó gba ti bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Dípò kó máa lọ, ó tú okùn bébà bàbá rẹ̀, ó kó wọn lé ara wọn, ó sì gbé wọn mọ́ dígí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú wọn kọjá. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Ṣebí èmi ni mo yà á."

"Ẹ wo ibí. Ibí ni àtàǹpàkò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà bàrá. Ibí ni àárín ẹsẹ̀ ti wó lulẹ̀. Ẹ sì wo bí àwọn ibi tí ẹ fàlà sí ṣe ń rìn bọ̀ wá síwájú." Ó nàka sí ọjọ́ tó wà lórí bébà kan. "Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí ni ilé ìwòsàn tó sọ fún wa pé bàbá mi ní àtọ̀gbẹ. Ẹ̀yin ti mọ̀, bàbá."

"Dókítà, èmi ò mọ nǹkan kan. Mo kàn yà á ni."

"Pẹ́ńsù yín mọ̀."

Báyìí ni bébà ṣe bọ́ lọ́wọ́ iná. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Dókítà mú Amọsẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí yunifásítì ti ń gba ẹ̀bùn. Akọ̀wé ibẹ̀, ọkùnrin kan tó ti ìgò ojú rẹ̀ sí iwájú orí, kí i dáadáa, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó sì mí kanlẹ̀.

"Bàbá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bébà ò lè dá rìn. A nílò yàrá tí kò ní ọ̀rinrin. A nílò ẹ̀rọ tó máa ya àwòrán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A sì nílò akẹ́kọ̀ọ́ tó máa jókòó tì wọ́n fún ọdún méjì sí mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì jẹun. Owó tí ìjọba ń fún wa, ara òrùlé àti owó oṣù ló ń parí sí. Irú ìwádìí yìí, ènìyàn bíi tiyín ló ń gbé e ró: ẹni tó fi ilé sílẹ̀ kó tó kú, ẹni tó fi orúkọ ìyá rẹ̀ dá owó sílẹ̀ fún ọmọ tálákà. Ẹ̀bùn tí kò ní olùtọ́jú, ẹrù ló ń dà."

"Ṣé ilé lẹ ń fẹ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, bàbá."

"Mo gbọ́ èyí tí ẹ ò sọ."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Amọsẹ̀ bí, obìnrin, tó ń to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló jọ láti orí dé ẹsẹ̀, ẹnu náà sì ni. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá òun fẹ́ fa ilé lé yunifásítì lọ́wọ́, kí bàbá náà máa gbé òkè títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi owó tí ìsàlẹ̀ bá ń mú wọlé tọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò tilẹ̀ jókòó.

"Bàbá mi, ẹ dákun, ta ni ẹ bí?"

"Ìwọ ni."

"Mo rò pé bébà ni."

"Ìwọ ni mo bí. Bébà ni mo fi tọ́ ọ dàgbà."

"Ẹ má fi àwàdà bá mi sọ ọ́! Ilé tí màmá mi kú sí! Kí ni bébà yín ṣe fún un? Gbogbo ìlú lẹ yà, ẹ ò rí tirẹ̀." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Láti òní lọ, ẹ ò ní ya ẹsẹ̀ mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Amọsẹ̀ lára bí òòlu tó fi ń lu awọ. Síbẹ̀ ó fọwọ́ sí ìwé.

Òfin yunifásítì ni pé ẹni tó bá ṣì wà láàyè gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè wo bébà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ni àwọn oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dé, wọ́n rí àga tó ń dán, wọ́n rí Amọsẹ̀ tó ti rù, ẹni tó fọwọ́ síwèé kì í sì fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Awakọ̀ ọjọ́sí fi èrè ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, ó ní bí òórùn ẹsẹ̀ òun ò bá lè mú olè, ẹ jẹ́ kó mú àìsàn. Ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ra ẹ̀rọ. "Ẹsẹ̀ mi ò rí iṣẹ́ ṣe láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì," obìnrin náà wí, "ẹ jẹ́ kó kúkú wọ yunifásítì."

Akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ti rí i. Ọmọ agbẹ́kànga kan ni, ọmọbìnrin tó gba oyè kejì ní yunifásítì yẹn gan-an, tí kò rówó lọ síwájú, tó wá ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ. Dókítà ti kọ́ ọ rí, ó sì mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Nígbà tí wọ́n pè é, ó rò pé aṣọ ẹnì kan ló jó. Kò pẹ́ tó dé yàrá ìwádìí tí wọ́n fi rí i pé Ọlọ́run kì í fi ìyà ẹnì kan ṣòfò, tàbí kí n sọ pé lọ́jọ́ yẹn, kò fi tirẹ̀ ṣòfò: àwọn bébà àtijọ́ ti ká kò bí ewé gbígbẹ, ẹ̀rọ ò sì lè yà wọ́n. Ọmọbìnrin náà béèrè fún áyọ́ọ̀nù àti aṣọ funfun méjì. Ó gbé bébà sáàárín aṣọ, ó fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó nà gbalaja. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bébà ló lọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì jó ẹyọ kan.

Ó lé ní ọdún kan tó fi bá iṣẹ́ yìí yí. Ohun tí Dókítà rí lójú fèrèsé, ó rí i lára ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀: ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ ti máa ń yí padà lórí bébà ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ọgbẹ́ tó yọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ náà gun òkè wá bá Amọsẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde kíákíá.

"Bàbá, mo ní ìṣòro kan. Ti màmá ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò yí padà. Ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ń yí padà, ẹni tó ní àìsàn àti ẹni tí kò ní. Ti màmá nìkan ló dúró sójú kan fún ọdún méjìlélógún. Wọ́n sì gé e. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, wọ́n á ní mo yọ èyí tí kò wù mí. Bí mo bá fi sílẹ̀, ó ń ta ko gbogbo ìyókù. Wọ́n lè ní iṣẹ́ yìí ò dúró."

Amọsẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Jẹ́ kí n ronú sí i, ọmọ mi."

Kò sí ohun tí ó fẹ́ rò. Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bo òun láṣìírí á di ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Wọ́n á sì béèrè pé, ẹni tó parọ́ fún ẹnì kan, ẹni mélòó ló tún parọ́ fún? Ilé ti lọ, àwọn èèyàn ti dáwó, ọmọ agbẹ́kànga ti fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Bó bá sì dákẹ́? Ó lọ sí ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ ìsinmi, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun dúró kí ohùn kan bá òun sọ̀rọ̀. Kò sí ohùn kankan. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló ń wúkọ́. Ó délé, ó gbé àkàsọ̀, ó gùn ún lọ yọ pátákó òkè ilẹ̀kùn.

Orí àkàsọ̀ ni ọmọ rẹ̀ bá a. Oúnjẹ ló gbé wá. Ó ṣì ń bínú, àmọ́ kì í fi ebi pa á.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Kí lẹ ń wá lókè? Kí ni pátákó ṣe yín?"

"Ó ń parọ́ ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, omijé, ìlà àtijọ́ tó ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Bàtà ńkọ́? Ṣé ẹ gé bàtà náà bí irọ́ ni?"

"Háà, rárá o. Bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu á dápá sí i lẹ́sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe rí ni mo gé e."

"Gbogbo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi."

"Kí ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Bàtà màmá mi. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo kó wọn sí. Tí mo bá ń wá òórùn rẹ̀, ibẹ̀ ni mò ń lọ."

Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe rí. Amọsẹ̀ jẹ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní inú bàtà ni òtítọ́ wà. Kí wọ́n tó lè rí ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà dáadáa, wọ́n ní láti là á. Obìnrin tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ilé ló wá kó bàtà ìyá rẹ̀ wá nínú àpótí, tó ń sunkún, tó sì ń bú bàbá rẹ̀. "Òsì nìkan lẹ máa gé o! Ẹ fọwọ́ kan ọ̀tún, ẹ ó rí mi!"

Amọsẹ̀ fúnra rẹ̀ ló là wọ́n, lórí tábìlì yàrá ìwádìí, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi gé wọn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ó ń là, akẹ́kọ̀ọ́ ń tò wọ́n. Ohun tí wọ́n rí nínú awọ náà, kò sí pẹ́ńsù tó lè yà á bẹ́ẹ̀: òógùn ti ya ẹsẹ̀ obìnrin náà ní dúdú sínú ìtẹ́lẹ̀, ìka márààrún, gìgísẹ̀, gbogbo rẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ kàn ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń fẹ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láti orí ìkeje, àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í yà, àárín ẹsẹ̀ wó, ibì kan lábẹ́ àtàǹpàkò sì jinlẹ̀ ju ìyókù lọ. Ibi tí ọgbẹ́ yọ sí lọ́dún mẹ́jọ lẹ́yìn náà gan-an ni.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo gé e bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ọwọ́ mi yìí ló gé e."

"Bàbá," Dókítà fèsì, "nígbà yẹn, kò sí ẹnì kankan láyé tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ohun tí a ń ṣe níbí nìyẹn, kí ẹlòmíì lè rí ẹni túmọ̀ fún un."

Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ láti gba oyè dókítà pé. Gbọ̀ngán kún. Àwọn oníbàárà jókòó sẹ́yìn nínú bàtà Amọsẹ̀, awakọ̀ fi ti ayẹyẹ sẹ́sẹ̀. Níwájú ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà, ọ̀kan nínú wọn ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì le bí awọ tí wọn kò tíì rẹ sómi. Ọmọ agbẹ́kànga sọ̀rọ̀ tán, baba arúgbó náà nawọ́.

"Gbogbo ohun tó o fi hàn wá yìí, orí pẹ́ńsù ọkùnrin kan ṣoṣo ló dúró lé. Báwo la ṣe mọ̀ pé pẹ́ńsù náà kì í parọ́?"

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó la ẹnu, Amọsẹ̀ ti dìde. Wọ́n fa aṣọ rẹ̀ kó jókòó, kò jókòó.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èmi ni mo ni pẹ́ńsù náà. Ó ti parọ́ rí."

Ó rìn lọ síwájú.

"Lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ìyàwó mi ni mo parọ́ fún. Kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tóbi, èmi náà ò fẹ́ kó sunkún. Ìyókù, mo búra níwájú Ọlọ́run tó dá mi, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe rí ni mo yà á."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, bàbá ti jẹ́wọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Nítorí ìjẹ́wọ́ yẹn ni mo fi lọ láti ilé dé ilé, tí mo gba ọgọ́rin bàtà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Mo fi inú bàtà wé bébà, lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó gbé àwòrán wọn sójú ògiri, bébà lápá kan, ìtẹ́lẹ̀ bàtà lápá kejì. Ìlà kan ò yẹ̀ lórí èkejì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló gbé bàtà mọ́kànlá jáde. "Ti màmá nìyí. Bébà wọn nìkan ló parọ́. Ẹsẹ̀ wọn ò parọ́."

Arúgbó náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè yìí nínú gbọ̀ngán yìí," ó wí, "bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn láìsí pé mo fi ọ̀bẹ sí yín lọ́rùn." Ó yíjú sí ọmọ agbẹ́kànga. "Dókítà, ẹ jókòó. A ti gbọ́."

Ó pè é ní Dókítà! Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngán yẹn, mi ò rò pé wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Awakọ̀ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń jù ú sókè. Agbẹ́kànga, baba ọmọ, tí kò wọ yunifásítì rí láyé rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán náà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, ó tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kàn wá ṣí fèrèsé.

Ọjọ́ kejì, aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ọmọ Amọsẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ bàtà, ó dúró sórí pákó.

"Ẹ yà á. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ pọ́n mi lé."

Kò pọ́n ọn lé. Kó tó yí ẹsẹ̀ náà ká tán ló ti rí i: àtàǹpàkò náà ti ń yà bàrá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àtọ̀gbẹ ti wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n wọ́n bá a lójú ọ̀nà, kò tíì dé ibùsùn. Ọdún kẹfà rèé. Ó ń lo oògùn, ó ń wọ bàtà tí bàbá rẹ̀ gé fún ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láràárọ̀.

Ilé ìwòsàn ìlú náà ti ní pákó àti pẹ́ńsù báyìí, wọn kì í jẹ́ kí alátọ̀gbẹ kankan lọ láìya ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti di ilé ìtàwé, ó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kẹta, ẹni tí ọmọ agbẹ́kànga ń kọ́. Pátákó wà lára ògiri yàrá ìwádìí. Amọsẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀: PẸ́ŃSÙ MI KÌ Í PARỌ́, ÀFI FÚN ÌYÀWÓ MI. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọjá níbẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

Mo bi í ní ìbéèrè mi, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ní òkè níbi tó gbé pákó rẹ̀ lọ. Ó fi ọ̀bẹ gé fọ́nrán òwú kan kó tó dáhùn. "Mi ò mọ̀. N óò bi í tí mo bá débẹ̀. Ìyàwó mi á ti bi í ṣáájú mi, tí mo bá mọ̀ ọ́n dáadáa." Ó sọ fún mi pé òun ti ń kọrin báyìí tí wọ́n bá dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn òun ò dùn.

Mo dìde pé kí n máa lọ. Ojú rẹ̀ ti wà nílẹ̀, lára bàtà mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín lóore kan."

"Ẹ wí, bàbá."

"Bàtà òsì yín ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì ti ń wò ó láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Aago mẹ́rin ti lù." Ó ti ń kúnlẹ̀, pẹ́ńsù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ dúró sórí pákó yẹn. Ẹ má fara ti nǹkan kan."